Ìwé Tí Mo Fi Yan Ilé-Ìwé fún Ọmọ Méjì

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín. Ohun kan wà nínú mi tó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ọkọ mi pàápàá kò gbọ́ ọ. Mo ń kọ ọ́ lónìí nítorí pé ọmọ kan ń bọ̀ wá yá ìwé kan lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Jímọ̀, ohun tí mo ṣe sì wà nínú ìwé náà, lójú ewé kọkànlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí kí ẹ tó bú mi.

Mi ò ní dárúkọ ìlú wa. Òkè-Ògùn ni, ẹni tó bá ti Ìsẹ́yìn ń lọ sí Ṣakí yóò yà kúrò lójú títì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Iṣu àti àgbàdo ni ọkọ mi ń gbìn. Èmi ń ta ìwé, báírò, ọṣẹ àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ nínú ìsọ̀ kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà agboolé wa. Mo ka ìwé girama parí. Nínú gbogbo ìyàwó ilé wa, èmi nìkan ni mo kà á dé ibẹ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ti jẹ mọ́ ìwé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Èmi ni mo ń bá wọn ka káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, èmi ni mo sì ń sọ fún wọn iye ìgbà tí wọn yóò lo oògùn lóòjọ́.

Àmínà ni ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní. Mo ti bí méjì ṣáájú rẹ̀ tí Ọlọ́run gbà. Mi ò fi èyí wá àwáwí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ irú ìbẹ̀rù tí mo fi ń tọ́ ọmọ yìí ni.

Sálímọ́ jẹ́ ọmọ àbúrò ọkọ mi. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá wa àti tiwọn. Oṣù méjì ni Sálímọ́ fi ju Àmínà lọ, kíláàsì kan náà ni wọ́n sì jọ wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Sálímọ́ ló máa ń ṣe ipò kìíní. Àmínà á ṣe ìkejì, nígbà mìíràn ìkẹta. Láti kékeré ni Sálímọ́ ti ń sọ pé nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe. Ìyá rẹ̀ ń yan gàrí, kò sì wọ ilé-ìwé rí. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé ọkọ, torí náà ìyálé ni mo jẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ló sì ń pè mí. Nílé wa, bí ìyálé bá ti sọ̀rọ̀, ìyàwó kì í lọ tún un wádìí níta.

Nígbà tí àwọn ọmọ méjèèjì dé kíláàsì kẹfà, ó di dandan kí a yan ilé-ìwé girama kékeré fún wọn. Mẹ́ta ni ti ìjọba tó wà nítòsí wa. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n ní ti orí òkè, ti ẹ̀yìn ọjà àti ti ọ̀nà oko. Àwọn òbí tó kù ń wo èyí tó bá súnmọ́ ilé wọn, tàbí èyí tí aṣọ rẹ̀ bá wù wọ́n. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mú ìwé ìkọ̀wé tuntun kan láti inú ìsọ̀, mo fi rúlà fa ìlà sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wò wọ́n.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ìkọ̀ọ̀kan. Mo lọ lọ́jọ́ lásán. Mo lọ lọ́jọ́ ọjà, nítorí ọjọ́ ọjà lèèyàn fi ń mọ olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ń ná iṣu. Mo sì lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì òjò ńlá, kí n lè mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣeé rìn, bóyá òrùlé ń jò. Mo ka àga. Mo ka ọmọ tó wà ní kíláàsì kan. Mo béèrè olùkọ́ ìṣirò, mo ní kí wọ́n fi hàn mí lójúkojú. Mo wo ṣáláńgá àwọn ọmọbìnrin, mo wò ó bóyá ó ní ìlẹ̀kùn tó ṣeé tì.

Ìyá Sálímọ́ rí mi lọ́jọ́ kan tí mo ń ti ọ̀nà oko bọ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ìyálé mi, ṣé ilé-ìwé lẹ fẹ́ fi Àmínà sí ni, àbí ẹ fẹ́ fi í fọ́kọ? Irú ìwádìí yìí, wọn ò ṣe é lórí tèmi kí n tó wọlé yín."

Mo ní, "Bí wọ́n bá ṣe é lórí tìrẹ ni, ṣé wọn á gbà ọ́?"

A jọ rẹ́rìn-ín títí. Ó wá fi ọwọ́ nu ojú, ó ní òun kò ní da ara òun láàmú, ibi tí mo bá mú Àmínà sí ni kí n mú tòun náà sí. Mo ní ó ti parí.

Mo sọ ọ́ pẹ̀lú òótọ́ inú nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́ lórí èyí.

Ìwé mi kò fi iyèméjì sílẹ̀. Ti orí òkè ló dára jù. Olùkọ́ ìṣirò wọn wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo lọ, ó ń kọ́ wọn lọ́jọ́ ọjà pàápàá. Ti ẹ̀yìn ọjà kò burú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ pọ̀ jù, wọ́n ń jókòó mẹ́rin mẹ́rin lórí àga ẹni méjì. Ti ọ̀nà oko ló gbẹ̀yìn. Kò sí olùkọ́ ìṣirò rárá, àgùnbánirọ̀ kan ló ń dá gbogbo sáyẹ́ǹsì kọ́, òun náà sì ti fẹ́ parí ọdún rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, odò kékeré tó wà lójú ọ̀nà á kún, ilé-ìwé á sì pa.

Lójú ewé kọkànlá, ní ìsàlẹ̀, mo kọ ọ́ báyìí: "Àmínà: orí òkè. Sálímọ́: orí òkè." Mo fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nídìí ẹ̀rọ ìlọta. Wọ́n ní àwọn tó fẹ́ ilé-ìwé orí òkè ti pọ̀ jù, torí náà ọmọ kan péré ni wọn yóò mú láti agboolé kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wà níbẹ̀ gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, èmi náà sì gbà á. Bí wọ́n ṣe máa ń pín nǹkan fún wa nìyẹn. Ajílẹ̀ ìjọba, agboolé kan, àpò kan. Nígbà tí wọ́n pín àwọ̀n ẹ̀fọn, ojú agboolé náà ni wọ́n fi pín in. Orúkọ agboolé wa ni Àmínà àti Sálímọ́ jọ ń jẹ́. Mo rò ó pé bí wọ́n bá gbé orúkọ méjèèjì síwájú àwọn olùkọ́, ẹni tó ń ṣe ipò kìíní ni wọn yóò mú. Àmínà mi kò ní rí ààyè.

Èmi tí mo ka àga, tí mo ka ìlẹ̀kùn ṣáláńgá, mi ò lọ béèrè bóyá ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ òótọ́. Mo rò pé bí mo bá béèrè, wọn yóò mọ̀ pé ọmọ méjì ló wà nílé wa.

Mo padà sílé, mo ṣí ìwé náà. Mo fa ìlà pa "orí òkè" tó wà níwájú orúkọ Sálímọ́, mo sì kọ "ọ̀nà oko" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mi ò kọ ti ẹ̀yìn ọjà pàápàá, nítorí pé ìdí tí mo fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ kò bá ti ẹ̀yìn ọjà mu. Ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí wà lójú ọ̀nà oko. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọmọ á lè yà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ bó bá jáde.

Ohun tí mo sì sọ nìyẹn. Ìyá Sálímọ́ mú fọ́ọ̀mù wá ní ọjọ́ kejì. Mo sọ fún un pé mo ti yẹ gbogbo wọn wò, pé ti ọ̀nà oko ló bá Sálímọ́ mu jù, pé ọmọ tí orí rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀, kò síbi tí kò ti ní yọrí. Ó béèrè ibi tí Àmínà ń lọ. Mo ní orí òkè ni, pé Àmínà kò mọ̀ ọ́n ṣe tó Sálímọ́, ó nílò olùkọ́ tó ń le mọ́ ọmọ. Ó na fọ́ọ̀mù náà sí mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, ìyálé mi. Ẹ bá mi kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Mo fi báírò kun àtàǹpàkò rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì tẹ̀ ẹ́ sórí fọ́ọ̀mù náà. Mo fi etí ìró ara mi nu yíǹkì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́. Yíǹkì yẹn kò tán lára ìró náà títí di òní, mi ò sì ró o mọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo mú Àmínà lọ sí orí òkè, mo rí ọmọ méjì tí mo mọ̀ pé agboolé kan náà ni wọ́n ti wá. Mo súnmọ́ igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, mo béèrè nípa ọ̀rọ̀ agboolé kan, ọmọ kan. Ó wò mí bí ẹni pé mo ń ṣàwàdà.

Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, màmá? Gbogbo ẹni tó kọ orúkọ wa la mú. Àga ṣì ṣẹ́ kù níbí. Bí ẹ bá lẹ́ni, ẹ mú wọn wá."

Bí ẹ bá lẹ́ni. Mo lẹ́ni. Ọjọ́ yẹn kan náà ni ó yẹ kí n sáré padà sílé, kí n sọ pé mo ṣe àṣìṣe. Ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé wọn yóò béèrè ìdí tí mo fi yí i. Mo ní kí n dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà sì kọjá.

Láràárọ̀ ni àwọn ọmọ méjèèjì jọ ń jáde nílé. Wọ́n á jọ rìn dé oríta ìdí máńgòrò. Níbẹ̀ ni Àmínà yóò ti gun òkè, Sálímọ́ yóò sì yà sí ọ̀nà oko. Láti ìsọ̀ mi ni mo ti ń rí wọn. Wọ́n máa ń dúró díẹ̀, wọn a rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan, wọn a sì pínyà. Mo gbìyànjú láti má máa wo ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ náà kọjú sí i.

Ohun tí mo rí nínú ìwé mi náà ló ṣẹlẹ̀. Àgùnbánirọ̀ náà lọ. Olùkọ́ ìṣirò kò dé ní ọdún kìíní, kò sì dé ní ọdún kejì. Sálímọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yá ìwé Àmínà dà kọ. Mo ní kó máa wá bá mi lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí n máa kọ́ ọ ní ìṣirò. Mo kọ́ ọ ní gbogbo èyí tí mo rántí. Nígbà tó yá, ìwọ̀nba tí mo mọ̀ tán. Àwọn èèyàn agboolé ń yìn mí. Ọkọ mi ní mo láàánú. Ìyá Sálímọ́ máa ń bu gàrí tó gbẹ dáadáa wá fún mi lóṣooṣù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo irú ìyà tí ìyìn lè fi jẹ èèyàn. Mi ò lè kọ gàrí náà, mi ò sì lè jẹ ẹ́. Mo ń bù ú fún àwọn oníbàárà.

Ohun tó burú jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ní ọdún kejì, Ìyá Sálímọ́ wá bá mi nínú ìsọ̀. Ó ní àwọn òbí kan ti ń kó ọmọ wọn kúrò ní ọ̀nà oko, ó ní ṣé kí òun náà mú Sálímọ́ lọ sí orí òkè. Ààyè ṣì wà nígbà náà, mo sì mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bó bá débẹ̀, yóò rí i bí ibẹ̀ ṣe dára ju ọ̀nà oko lọ, yóò sì bi mí ìdí tí mo fi yan ìyẹn fún ọmọ rẹ̀. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní ọmọ tí wọ́n bá ń ṣí kiri kì í fìdí múlẹ̀. Ó ní òótọ́ ni mo sọ.

Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rù ọmọ mi ló bà mí. Ìgbà kejì yìí, ara mi ni mo dáàbò bò. Mo mọ ìyàtọ̀ rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹ da méjèèjì pọ̀.

Nísinsìnyí wọ́n ti ń parí ọdún kẹta. Àmínà ti ń ṣe ipò kejì ní orí òkè, ó fẹ́ lọ sí apá sáyẹ́ǹsì. Sálímọ́ gba òdo nínú ìdánwò ìṣirò tí wọ́n ṣe kẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ ní ó dà bí ẹni pé orí ọmọ náà kò gba ìwé mọ́, pé àǹtí rẹ̀ kan ń hun aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn, kó lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú òfì híhun. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kò sọ ọ́ rí pé òun fẹ́ hun òfì. Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri tó ń sọ fún ìyá rẹ̀ jẹ́jẹ́ pé òun náà kò mọ ohun tó ṣe orí òun, pé tẹ́lẹ̀ òun mọ̀wé.

Mo lọ bá àlùfáà wa. Mi ò sọ pé èmi ni, mo ní ẹnì kan ni. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ tó bá wà láàárín èèyàn àti Ọlọ́run, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èyí tó bá wà láàárín èèyàn àti èèyàn, ẹni tí a ṣẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ lọ bá. Mo dúpẹ́, mo wá sílé, mi ò sì lọ bá ẹnikẹ́ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Ìyá Sálímọ́ tún gbé fọ́ọ̀mù kan wá. Rọ́fíà, àbúrò Sálímọ́, ti dé kíláàsì kẹfà. Ó ní kí n tún bá òun yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe yẹ ti ìjọ́sí. Ó ti na àtàǹpàkò rẹ̀ kí n tó mú báírò. Mo ní kó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi ná.

Lọ́jọ́ kejì ni Sálímọ́ fúnra rẹ̀ wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Màmá Àmínà, ẹ jọ̀ọ́, Àmínà sọ fún mi pé ẹ ní ìwé kan tí ẹ fi yẹ àwọn ilé-ìwé wò nígbà tiwa. Ẹ yá mi. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ wò, kí n lè lọ wò ó fún Rọ́fíà. Mi ò fẹ́ kí tirẹ̀ rí bíi tèmi."

Mi ò lè sọ pé ìwé náà ti sọnù. Gbogbo ilé mọ̀ pé ìwé kì í sọnù lọ́wọ́ mi. Mo ní kó wá mú un lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbàgbé."

Mo ti mú ojú ewé kọkànlá lọ́wọ́ láti fà á ya. Bí mo bá fà á ya, ewé tó bá a rìn lódìkejì yóò tú, ọmọ tó gbọ́n yóò sì rí i. Mo tún rò ó pé kí n da ìwé náà kọ sínú tuntun, kí n yọ ìlà yẹn kúrò. Mo jókòó sínú ìsọ̀, mo fa ìlà sójú ewé mẹ́ta. Nígbà tí mo dé orí iye olùkọ́ ìṣirò ní ọ̀nà oko, ọwọ́ mi dúró. Mo wá rí i pé irú ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo tún ń ṣe.

Torí náà mo fi ìwé náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Sálímọ́ yóò rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Yóò rí "orí òkè" lábẹ́ ìlà tí mo fi pa á. Yóò mọ̀ pé orí òun kò fìgbà kan bàjẹ́. Ó yẹ kó mọ ìyẹn ju ohunkóhun lọ, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Ìsẹ́yìn.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé kí n lọ bá ìyá rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ Jímọ̀, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu mi, bí agboolé wa yóò bá tilẹ̀ tú ká? Àbí ọmọ náà ló yẹ kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún, nígbà tó jẹ́ pé òun ni mo gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún Àmínà, tó ti ń rìn pẹ̀lú rẹ̀ dé ìdí máńgòrò láti ọdún mẹ́ta, pé orí ẹni tó ń bá rìn ni ìyá rẹ̀ gbé e gbà dé òkè? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìyálé, ẹ̀yin tí wọ́n ti rẹ́ jẹ rí, ẹ gbà mí níyànjú. Ẹ má kọ́ mi bí mo ṣe lè fi pamọ́. Ìyẹn ni mo ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo ti kọ "orí òkè" sí fọ́ọ̀mù Rọ́fíà. Mi ò tíì pe ìyá rẹ̀ wá tẹ̀ka. Mo fẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo fi ìka rẹ̀ ṣe nígbà kan, lẹ́yìn náà kó pinnu fúnra rẹ̀ bóyá yóò tún na ọwọ́ yẹn sí mi.